Kí ni ohun tó rí bíi súkúrúù nínú òkúta yìí?

Àdìó_K
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Mo rí òkúta kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti gé òkè láti la ọ̀nà. Ó ti já bọ́ lára àpáta, ó wà nílẹ̀ láàárín àwọn àfọ́kù yòókù. Nígbà tí mo yí i padà ni mo rí i pé ihò gbọọrọ kan wà lára rẹ̀, nínú ihò yẹn sì ni nǹkan kan dùbúlẹ̀ sí tó jọ súkúrúù gan-an: ọ̀pá tín-ín-rín láàárín, nǹkan pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ yí i ká láti òkè délẹ̀. Mi ò sọ pé súkúrúù ni o, àmọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn nìyẹn. Òun àti òkúta tó yí i ká, àwọ̀ eérú ni wọ́n jọ ní. Fọ́tò kan wà nísàlẹ̀. Ṣé fọ́sìlì ni, ìyẹn ohun alààyè àtijọ́ tó ti di òkúta? Tó bá jẹ́ fọ́sìlì, fọ́sìlì kí ni?

Aláwàdà_Orí_Àpáta
Ẹ bá wa wá nọ́ọ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú o. Ẹni tó tú u sílẹ̀ á ti máa wá a kiri.

Arínú_Róde
Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwòrán irú èyí ti ń kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì láti Rọ́ṣíà, súkúrúù inú òkúta tí wọ́n ní ó ti tó 300 mílíọ̀nù ọdún. Ta ló sọ pé àwa la kọ́kọ́ mọ irin í rọ? Ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa, gbogbo pẹlẹbẹ yẹn ló dọ́gba, àlàfo tó wà láàárín wọn náà dọ́gba. Ohun tí kò ní ọwọ́ ènìyàn nínú ṣe lè gún régé tó bẹ́ẹ̀?

Awakùsà
@Arínú_Róde, ẹ̀gbọ́n, èmi náà mọ àwòrán Rọ́ṣíà yẹn. Àwọn onímọ̀ fọ́sìlì ti wò ó, wọ́n sì ti sọ irú ẹranko tó jẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ báyìí kí n má baà ti Àdìó sí ọ̀nà kan kó tó wo òkúta ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti pé ó gún régé, ẹ wo karawun ìgbín. Ẹ wo eegun ẹ̀yìn ẹja. Ohun tó ń dàgbà ní ìpele ìpele, ó sábà máa ń ṣe ara kan náà léraléra, kò dúró de kí ẹnì kan fi rúlà wọ̀n ọ́n. Irin ní tirẹ̀ kì í pẹ́ nínú òkúta tí omi ń gbà kọjá kó má dípẹtà. Tí irin bá ti wà níbẹ̀ rí, ó kéré tán, a ó rí àbàwọ́n pupa ìpẹtà lára ògiri ihò náà. Nínú fọ́tò yìí mi ò rí nǹkan kan tó jọ ọ́.

Àdìó, ṣé òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ńtì, àbí òkúta iyanrìn? Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Àpáta tó jáde láti inú iná ilẹ̀, bíi gíránáìtì, kì í ní fọ́sìlì nínú. Àfi èyí tí ẹrẹ̀, iyanrìn tàbí ìkarahun kó jọ sísàlẹ̀ omi tó wá di líle.

Kẹ́mi_Lẹ́nsì
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó máa méfò, fọ́tò yìí ò ṣe é wò. Iná fóònù ló tàn sí i lójú gbọọrọọ, gbogbo òjìji ló sì ti kú. Ẹ pa iná fóònù yẹn. Ẹ gbé òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ rà á kọjá. Òjìji tó bá ṣẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pẹlẹbẹ yẹn ló máa sọ ibi tó yọ àti ibi tó wọlé. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú fọ́sìlì, kó má jẹ́ orí tábìlì tí ẹ gbé òkúta lé. Ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ ya orí níbi tó ti gé, ẹ ya gbogbo òkúta lódidi. Ẹ má fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó ya á, ó máa ń kọ mànà. Tí ẹ bá ti ya èyí tó gbẹ tán, ẹ lè wá rẹ ẹ́ kí ẹ ya òmíràn, torí omi máa ń fi ìyàtọ̀ àwọ̀ hàn nígbà míì.

Ìyá_Olókùúta
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Àdìó ọmọ mi, má tíì gbẹ́ ẹ jáde, má sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin kàn án. Ohun tó wà nínú ihò yẹn lè ṣẹ́ bí o bá kàn mí sí i.

Kí n tó sọ ohun tí mo rò, bá mi wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ohun tó jọ súkúrúù nínú òkúta kò ju mélòó kan lọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀ sí èkejì sì wà kedere.

Àkọ́kọ́, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀, àbí ó ń tín-ín-rín lọ sí òpin kan? Ìgbín inú òkun tó gùn, irú Turritella, ẹnu rẹ̀ máa ń fẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì ṣe ṣóńṣó. Ìbátan ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ayé àtijọ́ tó ní karawun gbọọrọ, orthoceras, òun náà ń tín-ín-rín lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, ògiri tó pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá sì máa ń tẹ̀ kòtò, kì í tẹ́ pẹrẹsẹ.

Èkejì, ọ̀pá àárín yẹn, ṣé ó dì tàbí ó ṣófo? Tí ẹrẹ̀ bá kún inú karawun ìgbín, tí karawun fúnra rẹ̀ wá yọ́ dànù, ohun tó kù á máa lọ́ yíká, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ gan-an á ṣófo, torí ibi tí òpó karawun wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ṣé ìlà kan ṣoṣo ló ń lọ́ yíká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àbí òrùka ni wọ́n, kálukú dá dúró? Gbogbo èèyàn tó bá rí nǹkan báyìí ló ń sọ pé "ó lọ́", torí ojú wa ti mọ́ súkúrúù. Má gba ojú rẹ gbọ́ níbẹ̀. Mú abẹ́rẹ́, fi ẹnu rẹ̀ sí àlàfo kan, kí o sì máa tọ̀ ọ́ lọ yíká jẹ́jẹ́.

Bá wa wá àfọ́kù òkúta kan náà tí kò ní nǹkan lára pẹ̀lú. Fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí yóò fi yọ ìyẹ̀fun, kí o kán fínígà sórí ìyẹ̀fun náà. Tó bá ń hó, òkúta ẹfun ni. Má kán fínígà sórí fọ́sìlì o! Mo ti rí ẹni tó fi fínígà fọ fọ́sìlì títí tó fi tán.

Ọmọ_Jíọ́
Ẹ kú àlàyé mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i, ọdún kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ jíọ́lọ́jì. Bryozoan tí wọ́n ń pè ní Archimedes ni mo rò pé ó jẹ́. Wọ́n fi í han wá ní láàbù, ó sì jọ súkúrúù ju ohunkóhun lọ, òkúta ẹfun ìgbà Carboniferous ló sì máa ń pọ̀ sí jù. Ẹranko kéékèèké tí kò tó mìlímítà kan ló ń gbé papọ̀ lórí rẹ̀. Abẹ́bẹ̀ wọn tó ní ihò wẹ́wẹ́ máa ń kán dànù, ọ̀pá àárín tó lọ́ nìkan ló máa ń kù.

Ìyá_Olókùúta
@Ọmọ_Jíọ́, kò sí ìbínú níbẹ̀, àbá gidi lo mú wá. Ìdí tí mo fi ní kó lo abẹ́rẹ́ gan-an nìyẹn. Archimedes lọ́ lóòótọ́. Tí abẹ́rẹ́ bá yí po tó sì gòkè lọ sí ìpele tó tẹ̀ lé e, mo wà lẹ́yìn rẹ.

Àdìó_K
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, fọ́tò tuntun náà ti wà lókè. Aǹtí Kẹ́mi, ẹ ṣé, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn yàtọ̀ pátápátá.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ ni gígùn rẹ̀ níbi tó ti hàn, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Kò tín-ín-rín rárá. Ọ̀pá àárín dì.

Abẹ́rẹ́ ò ṣe é yí po tán, torí pé ìdajì nǹkan náà ṣì kì sínú òkúta. Àbọ̀ yíyí ni mo lè tọ̀. Ó dà bíi pé ó lọ sọ́ọ̀kán, àmọ́ mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ti fínígà ló yà mí lẹ́nu. Apá ibi tó funfun díẹ̀ lára òkúta náà hó, àní ó hó gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tó dúdú, tí ihò yẹn wà nínú rẹ̀, kò hó rárá. Mo fi ọ̀bẹ họ àfọ́kù ibi dúdú yẹn, kò sí ìyẹ̀fun kankan. Dípò kí ọ̀bẹ ha òkúta, ìlà dúdú kan tó ń dán ló fi sílẹ̀ lórí rẹ̀, bíi pé òkúta ló ha ọ̀bẹ.

Awakùsà
Òkúta ló ha ọ̀bẹ lóòótọ́. Irin ọ̀bẹ ló kù sórí rẹ̀ yẹn. Apá dúdú yẹn, chert ni: sílíkà, ìdílé kan náà pẹ̀lú òkúta ìbọn àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣáná. Ó máa ń wà ní kókó kókó nínú òkúta ẹfun. Calcite, tó jẹ́ ara òkúta ẹfun, le dé ìwọ̀n 3 lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn bí òkúta ṣe le tó, irin ọ̀bẹ ń ha á bó ṣe wù ú. Sílíkà ń lọ sí 7, ọ̀bẹ ò mú un.

Ohun tí Àdìó ṣe yìí ti já ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi í sọ́kàn.

Kẹ́mi_Lẹ́nsì
Fọ́tò kejì dára. Mo gbé e tóbi sí i lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fa ìlà sí i lórí. Ẹ wo ohun tí mo rí. Tí ẹ bá wo súkúrúù gidi láti ẹ̀gbẹ́, ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ ní ọwọ́ òsì kò bá ibi tó ti yọ ní ọwọ́ ọ̀tún mu. Ọ̀tún á wà ní agbedeméjì eyín òsì méjì, torí pé ìlà náà ń gòkè bó ṣe ń yí. Nínú fọ́tò yìí, etí òsì àti etí ọ̀tún kojú ara wọn gẹ́lẹ́. Ìlà tí mo fà láti etí pẹlẹbẹ kan sí etí rẹ̀ kejì gé ọ̀pá àárín ní ìbú gẹ́lẹ́, kò dagun. Mo ṣe é lórí gbogbo pẹlẹbẹ tó hàn dáadáa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ọmọ_Jíọ́
Háà. Òrùka ni wọ́n nìyẹn. Kì í ṣe Archimedes.

Aláwàdà_Orí_Àpáta
Nọ́ọ̀tì ò ní wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n lọ dá owó àwọn oníbàárà mi padà.

Ìyá_Olókùúta
Kẹ́mi, Ọlọ́run á bá mi bù kún ojú rẹ. Ọ̀nà etí sí etí yẹn dára ju abẹ́rẹ́ mi lọ nígbà tí ìdajì bá ṣì bò.

Àdìó, ohun kan ṣoṣo ló kù. Wo apá tó funfun lára òkúta náà, èyí tó hó. Bóyá o ní gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, tàbí kí o fi fóònù ya á nítòsí. Ṣé nǹkan róbótó kéékèèké wà níbẹ̀ tó ní ihò láàárín?

Àdìó_K
Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ pé ẹ mọ̀, mà. Ó wà níbẹ̀, mo kàn rò pé òkúta kéékèèké ni. Wọ́n tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, róbótó, pẹlẹbẹ, kò sí èyí tó ju mìlímítà 6 sí 8 lọ. Èyí tó mọ́ jù nínú wọn ní ihò láàárín, àwọn ìlà tín-ín-tìn-tín sì wà létí rẹ̀ tó ń jáde láti àárín lọ síta yíká. Ọ̀kan tó ti ṣẹ́, ibi tó ti ṣẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ ó sì ń dán, bí mo bá yí i sí ìmọ́lẹ̀ ó máa ń kọ yànràn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sí i. Nǹkan míì tó ní ihò wẹ́wẹ́ tó tò létòlétò tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò mọ èyí náà.

Ìyá_Olókùúta
Ó parí. Crinoid ni.

Crinoid jẹ́ ẹranko inú òkun, ìbátan ẹja ìràwọ̀ àti àwọn ẹlẹ́gùn-ún róbótó tó máa ń gún èèyàn lẹ́sẹ̀ létí òkun. Ó ní ọ̀pá tó fi dúró sísàlẹ̀ omi, ife kékeré kan wà lórí ọ̀pá náà níbi tí ẹnu àti ikùn rẹ̀ wà, apá rẹ̀ á tàn ká lókè tó fi ń gba oúnjẹ kéékèèké tí omi ń gbé kọjá. Ojú kọ́kọ́ máa ń rí i bí ewéko, ṣùgbọ́n ẹranko ni. Wọ́n ti wà láti ìgbà Ordovician, ó ju mílíọ̀nù 440 ọdún sẹ́yìn lọ, wọn ò sì tíì parun. Àwọn tó ní ọ̀pá ṣì ń gbé nínú òkun jíjìn títí di òní.

Ọ̀pá yẹn ló kàn wá. Kì í ṣe odidi kan. Pẹlẹbẹ róbótó ló tò léra bí owó wẹ́wẹ́, ihò la gbogbo wọn já láàárín, okùn ẹran ló sì so wọ́n pọ̀. Bí ẹranko náà bá kú, okùn ẹran á jẹrà, pẹlẹbẹ á tú ká sísàlẹ̀ òkun. Àwọn róbótó tí Àdìó rí ní apá funfun nìyẹn. Ìlà tín-ín-tìn-tín tó wà létí wọn ni pẹlẹbẹ kan fi ń wọnú ìkejì kó má yẹ̀. Ibi tó ṣẹ́ tó ń dán pẹrẹsẹ yẹn náà jẹ́ àmì: pẹlẹbẹ crinoid kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kírísítà calcite kan ṣoṣo ni, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣẹ́ ní ojú kan tó tẹ́, tó ń dán lẹ́ẹ̀kan náà. Karawun ìgbín kì í ṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku súkúrúù. Ìyẹn kì í ṣe ara ẹranko náà rárá. Ihò inú rẹ̀ ni.

Arínú_Róde
Ẹ dúró níbẹ̀, mà. Báwo ni ihò ṣe di nǹkan tó ṣe é fọwọ́ kàn?

Ìyá_Olókùúta
Ìbéèrè gidi. Gbà pé ọ̀pá náà bọ́ sínú ẹrẹ̀ kó tó tú ká. Omi tó ní sílíkà ń rìn láàárín ẹrẹ̀ náà. Sílíkà wọ inú ihò tó la ọ̀pá já, ó sì le síbẹ̀: ọ̀pá àárín tí ẹ̀ ń rí nìyẹn. Ó tún wọ àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín pẹlẹbẹ kan àti ìkejì, ó le síbẹ̀ náà: àwọn òrùka tí ẹ̀ ń rí nìyẹn. Gbogbo àyíká rẹ̀ wá di chert. Lẹ́yìn ìgbà náà, omi tó ní ásíìdì díẹ̀, bíi ti òjò tó gba inú ilẹ̀ kọjá, ń jẹ calcite ṣùgbọ́n kò lè jẹ sílíkà. Pẹlẹbẹ gidi yọ́ dànù. Ààyè wọn ni àlàfo tó wà láàárín òrùka kan àti ìkejì, òun náà ni ihò gbọọrọ tí Àdìó kọ́kọ́ rí.

Gbogbo ohun tó dúró níbẹ̀ ló ti jẹ́ àlàfo rí, gbogbo ibi tó ti jẹ́ ara ló sì ti di àlàfo. Mọ́ọ̀dù ni, bíi ti àwọn abúlọ́ọ̀kù, àmọ́ búlọ́ọ̀kù ti lọ.

Awakùsà
Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fínígà àti ọ̀bẹ fi ṣe pàtàkì. Ká ní apá tó yí ihò ká ti hó, àlàyé yìí ò ní dúró, torí ásíìdì tó jẹ pẹlẹbẹ yẹn ì bá ti jẹ òun náà.

Ní Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń rí i nínú chert débi pé súkúrúù Derbyshire ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Àwọn pẹlẹbẹ tó tú ká náà ní orúkọ tiwọn: ní erékùṣù Lindisfarne, ìlẹ̀kẹ̀ Cuthbert Mímọ́ ni wọ́n ń pè wọ́n, torí ihò àárín wọn ṣe é fi okùn sí. Ti Rọ́ṣíà tí ẹ̀gbọ́n Arínú_Róde mú wá, crinoid náà ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó jẹ́.

Arínú_Róde
Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: bí ojú bá lè tan èèyàn tó báyìí, kí ló dé tí a ó fi gba ti àwọn onímọ̀ gbọ́? Àwọn náà ò ní ojú méjì tó ju tiwa lọ.

Awakùsà
Òtítọ́ ni, wọn ò ní in. Nínú ọdún 1865, nígbà tí wọ́n fún òkúta kan láti Kánádà lórúkọ Eozoon canadense, wọ́n ní ẹranko tó pẹ́ jù láyé ni. Ìpele ìpele ni, ó tò létò bí ohun alààyè. Àríyànjiyàn rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí wọ́n rí irú rẹ̀ kan náà nínú òkúta ẹfun tí òkè oníná Vesuvius tú jáde ni ẹnu kò: ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń ṣe é, kò sí ẹranko kankan níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ka dúdú tó ń tàn kálẹ̀ bí ewé lórí òkúta pẹlẹbẹ náà ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn lójú títí di òní, manganese tó bá omi wọ inú ìlà òkúta ló sì ń ṣe é.

Èyí tó jẹ́ ẹranko gan-an pàápàá lè kọ̀ láti dáhùn. Tullimonstrum, tí wọ́n rí ní Mazon Creek ní Illinois ní Amẹ́ríkà, ọdún 1966 ni wọ́n fún un lórúkọ. Ó tó 300 mílíọ̀nù ọdún. Ní 2016 àwọn kan ní ó ní eegun ẹ̀yìn, ní 2023 àwọn míì ní rárá. Wọ́n ní àìmọye àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ́wọ́ o, kì í ṣe ẹyọ kan.

Torí náà kì í ṣe ojú àwọn onímọ̀ ni mo gbà gbọ́ lórí ti Àdìó. Ìwọ̀n tó dọ́gba, ọ̀pá tó dì, etí tó kojú etí, chert tí kò hó, pẹlẹbẹ oníhò nínú òkúta kan náà. Ẹ mú ọ̀kan tó lè já a wá, mo ṣetán láti gbọ́.

Arínú_Róde
Mi ò ní. Ẹ máa bá a lọ.

Ọmọ_Jíọ́
Mà, ẹ jọ̀ọ́, irú crinoid wo gan-an? Ṣé a lè dárúkọ rẹ̀ tán pátápátá? Ẹ tún bá wa sọ ti nǹkan oníhò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú mi ti ń dùn pé bryozoan ló fẹ́ jẹ́.

Ìyá_Olókùúta
Bryozoan ni, ìwọ náà jàre. Irú tí wọ́n ń pè ní fenestrate. Àwòrán rẹ̀ fi ẹ̀ka tó lọ gbọọrọ àti àwọn kéékèèké tó so wọ́n pọ̀ hàn, ihò á wà láàárín. Abẹ́bẹ̀ Archimedes rí bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ tí kò lọ́ ló ní irú abẹ́bẹ̀ yìí, torí náà má tíì kọ Archimedes síwèé.

Orúkọ crinoid náà gan-an, rárá. Ọ̀pá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Ife orí àti apá ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, oríṣiríṣi crinoid ló sì ní ọ̀pá róbótó tó jọra. Àwọn kan wà tí pẹlẹbẹ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ìdílé Pentacrinites, pẹlẹbẹ wọn ní igun márùn-ún bí ìràwọ̀, ìyẹn á gbé èèyàn lọ sí ìgbà Jurassic, ayé àwọn dáínósọ̀, tààrà. Ti Àdìó, róbótó ni, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ tán fún yín láti inú fọ́tò ọ̀pá, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó ti rí i.

Ní ti ọjọ́ orí, bryozoan oníhò yẹn tẹ òṣùwọ̀n sí ẹ̀yìn. Ìgbà Paleozoic ni irú wọn pọ̀ jù, ìyẹn ìgbà tó parí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn. Crinoid àti wọn nínú òkúta ẹfun kan náà pẹ̀lú kókó chert, Carboniferous ni ọkàn mi ń fà sí, ìyẹn láti mílíọ̀nù 359 sí 299 ọdún sẹ́yìn, torí òkúta ẹfun míì nígbà yẹn, pẹlẹbẹ crinoid ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura ni. Máàpù jíọ́lọ́jì ibi tó ti rí i ló máa sọ ọ́, ẹni tó mọ ibẹ̀ dáadáa ni ìwọ Àdìó. Má kọ ibẹ̀ síbí ní gbangba o, kí gbogbo ayé má lọ fi òòlù dé e.

Aláwàdà_Orí_Àpáta
Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè tí kì í ṣe àwàdà lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni ọ̀pá yẹn ṣe gùn tó nígbà tí ó wà láàyè?

Ọmọ_Jíọ́
Púpọ̀ nínú wọn kò ju mítà kan lọ. Ṣùgbọ́n Seirocrinus, ti ìgbà Jurassic, tí wọ́n rí ní Holzmaden ní Jámánì, ọ̀pá tirẹ̀ ju mítà 10 lọ. Kì í dúró sísàlẹ̀ òkun ní tirẹ̀, igi tó ń léfòó ni wọ́n lẹ̀ mọ́, tí wọ́n á so rọ̀ sínú omi, orí nísàlẹ̀.

Aláwàdà_Orí_Àpáta
Ẹ ṣé. Mi ò lè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Àdìó_K
Ẹ kú iṣẹ́ ńlá o. Kí ni kí n wá ṣe sí i báyìí? Ó ń wù mí kí n gé chert tó bò ó kúrò kí gbogbo súkúrúù náà hàn.

Ìyá_Olókùúta
Má gé e. Òrùka yẹn kò nípọn, chert tó yí i ká sì le gan-an, òrùka ló máa kọ́kọ́ kán. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ àti omi lásán tó fún iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú ihò. Má ya apá funfun kúrò lára apá dúdú pẹ̀lú. Pé wọ́n jọ wà lára òkúta kan ni iyì rẹ̀. Kun ojú ibì kan tí kò ní nǹkan lára ní ọ̀dà funfun díẹ̀, kọ nọ́ńbà sí i, kí o kọ ìyókù sínú ìwé: ọjọ́ tí o rí i, ibi tó wà gan-an, pé nílẹ̀ ló ti wà kì í ṣe lára àpáta, àti ẹni tó ni ilẹ̀ náà tí o gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Níwájú orúkọ, kọ "crinoid, mọ́ọ̀dù inú ọ̀pá", kí o fi bryozoan fenestrate sí i. Má fi ohun tó ju ìyẹn lọ sí i.

Awakùsà
Tí o bá tún gba ibẹ̀ kọjá, má sún mọ́ ìdí àpáta tí wọ́n gé yẹn, wọn kì í dúró ṣinṣin. Láti ọ̀nà jíjìn, wò ó bóyá ìlà kókó dúdú kan wà tó lọ gbọọrọ láàárín òkúta funfun. Chert sábà máa ń tò sí ìpele kan. Bí o bá rí i, ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè, kí a lè mọ ìpele tí tìrẹ ti já bọ́.

Àdìó_K
Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, mà. Ẹ̀gbọ́n Awakùsà, ìlà dúdú náà wà, mo rántí pé méjì ni, ọ̀kan súnmọ́ òkè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí ìsàlẹ̀ ló nípọn jù. Mo máa lọ ya wọ́n nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kẹ́mi_Lẹ́nsì
Kí nǹkan tí a mọ gíga rẹ̀ wà nínú fọ́tò yẹn pẹ̀lú, èèyàn tó dúró níwájú, kó má sún mọ́ àpáta. Rúlà kékeré ò ní hàn níbẹ̀.